Àwọ̀n Irin Orí Afárá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ọkọ mi kọjá lónìí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á ní ọkọ òun wọlé, ọkọ òun jẹun, ọkọ òun ń bínú. Èmi, ọkọ mi kọjá ni.

Táńkà epo ló ń wà. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé epo gba abẹ́ afárá wa kọjá lórí márosẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló sì ń gbà padà. Òfin ilé-iṣẹ́ wọn ni pé ọkọ̀ tó bá ti gbé epo kò gbọdọ̀ dúró lọ́nà, ì báà jẹ́ pé ilé awakọ̀ ló wà létí títì. Nítorí náà, ọkùnrin tó ń gba ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìparí oṣù ló ń wọlé. Fèrè ọkọ̀ ló fi ń kí wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń fọn ọ́n: ẹyọ kan fún mi, méjì fún Ẹlẹ́jọ́. Mo ti bi í rí pé kí ló dé tí tèmi fi jẹ́ ẹyọ kan. Ó ní ẹni tó bá pariwo jù lòun ń fún ní méjì.

Ẹlẹ́jọ́ — ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu bíi ti lọ́yà. Kò sí ohun tí a sọ fún un tí kì í sọ di ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí àdúgbò sì bá a gbà á. Tó bá ti gbọ́ fèrè, á juwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ iwájú afárá, á wá sáré dá afárá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kí ó lè rí ọkọ̀ náà bó ṣe ń yọ jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Irin rẹ̀ kan ti já, okùn ni wọ́n fi so ó. Mo tún bá a wí lónìí. Ó ní ọkọ̀ téèyàn ò bá rí bó ṣe jáde, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó jáde? Mo ní kó gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ìgbà tó kọ ẹ̀yìn sí mi ni mo tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mi ò lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Onídìrí ní kí n kọ ọ́. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ògiri kan ló pín wa níyà, ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní bí mi ò bá fẹ́ jẹun, tí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n kúkú kọ ọ́. Ó dáa. Mo ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, fèrè dún. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gé aṣọ. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú mi dùn. Ẹlẹ́jọ́ juwọ́, ó sáré dá afárá kọjá bó ṣe máa ń ṣe. Ó gun irin ìsàlẹ̀ kí ó lè ga sí i. Okùn ló dì mú. Okùn já.

Bàbá rẹ̀ ti yọ jáde lábẹ́ afárá nígbà yẹn, ó ti ń lọ. Kò mọ nǹkan kan.

Mo gbọ́ igbe, mo sáré. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ títí ẹnìkan fi gbà á. Èmi ni wọ́n ń dì mú. Gbogbo ọkọ̀ márosẹ̀ dúró. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ó dúró ti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé e lọ. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà nílé wa láti ọjọ́ náà. Alága ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí kò sí ibi tó jókòó sí tí kì í di ìpàdé. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn tó ṣú ló ti pàṣẹ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ túfọ̀ fún àbúrò òun lórí fóònù. Ó ní ẹni tó jókòó níwájú epo tó lè jó odidi àdúgbò kọ́ là ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Kí ó wọlé ná, kí ó jókòó, kí àwọn àgbà yí i ká. Ó kìlọ̀ fún gbogbo aládùúgbò. Ó lọ sí gáréèjì táńkà, ó kìlọ̀ fún ọ̀gá wọn àti akọ̀wé. Mi ò lè dá a lẹ́bi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù tirẹ̀ ni ọkọ mi ń pè.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Ó ní Ẹlẹ́jọ́ ńkọ́? Mo ní ó ti sùn. Mi ò mọ ẹni tó bá mi fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Alága ní kí n lọ dúró lórí afárá. Ó ní bí ọkọ mi ò bá rí ẹnikẹ́ni, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì gbọ̀n lórí ìtọ́kọ̀. Mo lọ. Ẹ̀gbẹ́ iwájú ni mo dúró sí. Fèrè dún, mẹ́ta. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo tún gbé ọwọ́ kejì. Mi ò dá afárá kọjá.

Nígbà tó pè, mo ní Ẹlẹ́jọ́ ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbẹ̀. Ó ní, kò tiẹ̀ dágbére fún òun? Mo ní ẹ̀yin náà mọ àwọn ọmọdé.

Èmi náà ló máa ń sọ fún ọmọ yìí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Á bi mí pé ta ló ń sáré tẹ̀ lé e fún ogún ọdún, ṣé kò níṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ilé kún. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ ohun kan náà: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sì ń wò wọ́n. Agbè wo? Agbè ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọdún gbọọrọ ni mo fi wá omi yẹn kí n tó rí i pọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi agbè sílẹ̀.

Wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n á máa pè mí mọ́. Ìyá Ẹlẹ́jọ́ ni mò ń jẹ́ fún gbogbo ayé. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ lónìí ní "Ìyá Ẹ—", ó wá ní "Màdáámù". Ì bá parí orúkọ mi.

Lọ́sàn-án, àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba dé pẹ̀lú téèpù. Wọ́n wọn afárá síhìn-ín, wọ́n wọ̀n ọ́n sọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọ̀n irin tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti ìgbà wo ni àdúgbò ti ń bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀pá irin kan péré? Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí n má baà bú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àwọn oníṣẹ́ ti dé. Ọ̀gá wọn, jórinjórin kan tó sanra, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn rí, gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ya lápá wá sọ́dọ̀ mi. Kò mọ̀ mí. Bí mo ṣe ń rán an ló ń tàkúrọ̀sọ. Ó ní ọmọ kan ló já bọ́ lórí afárá yẹn. Ó ní àwọn òbí òde òní, wọ́n á bímọ tán, wọ́n á fi títì ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Mo rán aṣọ náà tán. Mo gé òwú. Mi ò gbowó, mo ní kó máa lọ.

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Onídìrí ti bá a sọ̀rọ̀, mo sì mọ bí ẹnu Onídìrí ṣe ń rí. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àjákù aṣọ tí mi ò tíì gbá. Mo ní kó dìde, pé èmi náà ti sọ irú ẹ̀ nípa ọmọ ọlọ́mọ rí. Ó ní ṣé nǹkan kan wà tí òun lè ṣe. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọgbà náà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, níbi tí okùn wà gan-an. Ọmọ ẹlòmíràn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé-ìwé. Ó ní ó ti parí, ibẹ̀ làwọn á ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ó lọ tán ni mo tó sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó mú ọ̀rọ̀ ṣẹ. Kí oòrùn tó mú, òpó irin méjì ti dúró níbi tí okùn wà, wọ́n ti na àwọ̀n sáàárín wọn, iná jórinjórin sì ń ta pàràpàrà. Wọ́n tú okùn náà kúrò. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ iwájú. Fèrè dún. Mẹ́ta náà ni, bó tilẹ̀ gbà pé ọmọ ò sí nílé. Mo gbé ọwọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó pè. Ó ní kí ni wọ́n ń kọ́ sórí afárá? Mo ní ìjọba ló ní kí wọ́n ṣe ọgbà. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ débi tí mo fi rò pé fóònù ti gé. Ó wá ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ó ní kí n máa jẹun o. Kò béèrè Ẹlẹ́jọ́. Mo dúpẹ́ pé kò béèrè, irọ́ ti tán lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ fún Alága pé ìparí oṣù jìnnà, pé mi ò lè gbé ohùn èké yìí débẹ̀. Ó gbà. Ó ní òun á ní kí ọkọ mi wá lọ́la. Ó pè é lójú mi, ó fi ohùn dídùn bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ tan adìẹ wọ àgò. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí kékeré kan ni, kó yọjú. Ọkọ mi ní kò ṣeé ṣe. Ó ní ara ẹnì kan ò yá lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ti kó ìrìnàjò onítọ̀hún lé òun lórí. Alága ní ọjọ́ kan péré ńkọ́? Ọkọ mi ní kó má bínú sí òun, ó sì pa fóònù.

Pa fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí! Alága ń wo fóònù bí ẹni pé fóònù ló rí i fín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Fèrè dún lónìí. Ẹyọ kan péré. Mo dúró de méjì tó kù títí mi ò fi gbúròó ọkọ̀ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ ò sí nílé ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ sí gáréèjì. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu fún ọ̀gá wọn: irú èèyàn wo ló máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ awakọ̀ rẹ̀, tí á tún máa di iṣẹ́ lé bàbá ọmọ náà lórí? Ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Akọ̀wé ni mo bá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fún mi ní àga. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

Ó wá ní kí n má bínú, Màmá, kì í ṣe àwọn. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ń tọrọ ìrìnàjò. Láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ń lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fún òun ní tiwọn, kí wọ́n lọ sinmi. Ọ̀gá tiẹ̀ ti ní kí ó sinmi, kò gbà. Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún un? Akọ̀wé búra pé kò sí ẹni tó la ẹnu.

Mo wọlé, mo jókòó síwájú máṣíìnì, mi ò rán nǹkan kan. Kí ló wà lójú ọ̀nà tó dùn ju ilé lọ? Kí lọkùnrin ń wá tí kò fẹ́ sinmi? Mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni. Ó wà níbì kan lọ́nà, ó ń bu omi tútù fún un. Èmi ń gbé òkúta mì nítorí rẹ̀, òun ń jayé. Ọjọ́ Ẹtì! Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó ní kí n máa jẹun o.

Mo sọ ọ́ fún Onídìrí. Mo rò pé á ní orí mi ti dàrú, kí n lọ jókòó. Ó kàn ní, bóyá. Mi ò fẹ́ "bóyá" lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mi ò lọ sórí afárá. Kó fọn fèrè fún àwọn jórinjórin.

Kò fọn ọ́n. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún. Ó kọjá jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní ará níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ tuntun ṣì wà lórí àga, èmi ni mo ń rán an lọ́wọ́. Mo fi etí gbọọrọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí n lè máa tú u bó bá ṣe ń ga. Ó bá mi jà nítorí ẹ̀. Ó ní aṣọ náà á wúwo, pé ṣé òun ni á máa gbé aṣọ ọdún tó ń bọ̀ kiri lọ́dún yìí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni.

Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Àárò ọmọ mi ń sọ mí. Kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ tó máa dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé yìí ò ní ariwo mọ́. Mo sọ̀rọ̀ kan sókè lọ́sàn-án yìí, mo ní ó dà bíi pé òjò máa rọ̀, mo sì dúró de ẹni tó máa jà mí níyàn.

Mo tú etí aṣọ náà. Mo tún un rán pa dà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọgbà parí. Àwọn ará ọ́fíìsì wá ya fọ́tò. Ọ̀gá wọn dúró sáàárín, ó gbé ọwọ́ lé àwọ̀n bí ẹni pé òun ló jó irin ibẹ̀. Wọ́n pe jórinjórin kó wá dúró, ó ní ọwọ́ òun dọ̀tí. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fìlà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gun orí afárá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo di àwọ̀n náà mú, mo mì ín. Mo fi gbogbo ara mì ín, bíi pé mo fẹ́ fà á tu. Kò mì. Irin tó le ni, iṣẹ́ tó dára ni, Ọlọ́run á san án fún wọn. Inú ń bí mi sí i bó ṣe dára tó. Ohun tó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì!

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń fi ọ̀pá họ ọ́ kọjá, ó ń dún. Ó dùn mọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kò kọjá lónìí. Alága ti yanjú ẹ̀: ọ̀gá gáréèjì gbà láti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sílé ní Àbámẹ́ta, tipátipá.

Ìpàdé ti wà. Àwọn àgbà ẹbí á ti jókòó kó tó dé. Wọ́n á fún un lómi. Wọ́n á bi í léèrè ọ̀nà. Alága á wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, pé ayé lọjà, pé ohun tí Ọlọ́run fún ni ló lè gbà, títí á fi débẹ̀. Ó ti dán an wò níwájú wa lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dára, mi ò purọ́. Ipa tèmi ni pé kí n má sunkún kó tó mu omi tán. Mo ní mo gbọ́.

Mo bi wọ́n pé tó bá wọlé, tó sì bi mí ní Ẹlẹ́jọ́ kí Alága tó débi tó ń lọ ńkọ́? Alága ní kí n máa wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti pé sí pálọ̀. Àga ọkọ mi wà láàárín, omi wà lórí tábìlì, wọ́n da nǹkan bò ó. A ń retí. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Alága pe gáréèjì, akọ̀wé ní ó ti gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tipẹ́, ó ní ilé lòun ń lọ. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní kí n lọ wò ó lójú ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tó sọ fún mi pé kí n gba orí afárá.

Ibẹ̀ ló wà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀, ó fi gbogbo ìka kọ́ àwọ̀n irin náà. Ó ti rù, ṣẹ́ẹ̀tì ń ṣe yẹ̀rìyẹ̀rì lára rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo kọ sínú ìwé yìí bọ́ lọ́kàn mi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń jayé kì í rù báyìí.

Mo lọ dúró tì í. Kò wò mí. Ó ní ṣé wọ́n ti pé. Mo ní wọ́n ti pé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà? Mo ní ẹ̀gbọ́n yín tiẹ̀ ti há ọ̀rọ̀ sórí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Nínú dígí ọkọ̀ ni mo ti máa ń wò ó. Tí mo bá ti yọ jáde, màá máa wò ó nínú dígí títí mi ò fi ní rí i mọ́. Ẹ̀yin ò mọ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí nǹkan tó já bọ́. Mo ní aṣọ ni. Mo ní ó so aṣọ mọ́ irin kí n lè rí i dáadáa, atẹ́gùn wá gbé e. Aṣọ yẹn ni mo gbé lọ́kàn dé ibi tí mò ń lọ. Mo pè ẹ́, o ní ó ti sùn. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo dúpẹ́."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mo tún wo dígí. Mo rí òpó irin méjì níbi tó máa ń dúró sí gan-an. Odidi afárá ló ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n dí. Mo ní ìjọba kì í ṣe ọgbà nítorí aṣọ tí atẹ́gùn gbé."

Èmi ni mo ní kí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò pa ẹnu mọ́, gáréèjì pa ẹnu mọ́, èmi náà ń to irọ́ lé irọ́. Èmi náà ni mo sì gba ọwọ́ jórinjórin túfọ̀ fún un, lórí márosẹ̀, pẹ̀lú epo lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wálé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún òun. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì sọ ọ́, tí òun ò sì dúró níbì kan kí wọ́n bá òun, òun ṣì jẹ́ bàbá ọmọ tó ń sùn. Ó ní òun ti ń fi ẹ̀mí gbogbo èèyàn tó wà lọ́nà wéwu, òun mọ̀, òun ò lè dúró.

Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ dà bí ojú Ẹlẹ́jọ́ tó bá ti rò pé màá nà án.

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Mi ò fẹ́ omi wọn. Ìwọ sọ ọ́ fún mi."

Mo wo ilẹ̀, bí Alága ṣe ní kí n ṣe. Mi ò tíì sọ ọ́ rí. Mo ní ó sùn, mo ní ó rìnrìnàjò, àní nínú ìwé yìí tí ẹnikẹ́ni ò ní kà, mo ní wọ́n gbé e lọ. Mo di àwọ̀n náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ẹlẹ́jọ́," mo ní, "ọmọ wa ti kú."

Ó mi orí. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.